Kì í Ṣe Ẹ̀bi Ìyá Ọmọ

Ọmọbìnrin kan ti ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, ó ti ń pe "Màmá," ó ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ mú búrẹ́dì jẹ. Kò pé oṣù mélòó kan, ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ tó fi ń mú búrẹ́dì wá ń lọ́ mọ́ra wọn láti àárọ̀ dalẹ́, bí ẹni tó ń fún aṣọ. Nílé wa, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi léèrè. Ṣé kì í ṣe pé ó rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó lóyún? Ta ló ṣẹ̀ lọ́jà? Bí kò bá rí èsì fọ̀, wọn a ní òun fúnra rẹ̀ ni àjẹ́.

A fẹ́ sọ ọ́ láìfepobọyọ̀: ìwà ìkà ni.

Ní ọdún 1983, ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ Dókítà Huda Zoghbi, ọmọ Lẹ́bánónì tí ogun abẹ́lé lé kúrò níléèwé ìṣègùn ní Beirut. Àìsàn náà ti ní orúkọ nígbà náà: àìsàn Rett. Wọ́n fi sọrí Andreas Rett, dókítà ará Vienna tó rí ọmọbìnrin méjì lórí itan ìyá kálukú wọn ní 1954, tí àwọn méjèèjì ń lọ́ ọwọ́ bákan náà. Zoghbi ní jíìnì ló fà á. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà: àìsàn tí kì í sábà mú ẹni méjì nínú ẹbí kan, báwo ló ṣe máa jẹ́ ohun inú ẹ̀jẹ̀? Kò torí ìyẹn fi í sílẹ̀. Ọdún 16 ló fi wá a, kí òun, Ruthie Amir àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó rí i ní 1999: jíìnì MECP2, lórí krómósómù X.

Iṣẹ́ jíìnì yìí ni láti máa darí àwọn jíìnì mìíràn nínú ọpọlọ, bí ẹni tó di bọ́tìnì rédíò mú, tó ń mú ohùn kan rọlẹ̀, tó ń gbé òmíràn sókè. Nígbà tí àṣìṣe bá wọ̀ ọ́, ọpọlọ ọmọ kò ní rí ẹni darí rẹ̀ mọ́. Ibi tí a fẹ́ kí ẹbí gbọ́ dáadáa nìyí: lára ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ wọ̀nyí, kò sí àṣìṣe náà lára ìyá, kò sì sí lára bàbá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé ni, lọ́pọ̀ ìgbà nínú àtọ̀ bàbá, láìjẹ́ pé bàbá ṣe ohunkóhun. Kò kan oòrùn ọ̀sán, kò kan àjẹ́. Nínú nǹkan bí ọmọbìnrin 10,000, ó ń mú ẹyọ kan, ọmọ dúdú àti ọmọ funfun.

Ní 2007, Adrian Bird àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Edinburgh dá jíìnì náà padà sí iṣẹ́ lára eku tí àìsàn yìí ti wọ̀ lára, ara eku náà sì ń yá. Ní 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn àkọ́kọ́ fún un. Kì í wò ó sàn pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń dín ìyà ọmọ kù.

A rọ ìjọba kí wọ́n mú àyẹ̀wò jíìnì dé àwọn ilé ìwòsàn ńlá wa, ní iye tí tálákà lè san. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, bí ìyá bá ní "ọmọ mi ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sọ̀rọ̀ mọ́," ẹ má sọ pé kó fara balẹ̀. Ẹ kọ̀wé fún un lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé. Ẹ̀yin bàbá ọmọ, ẹ bá ìyàwó yín gbé ọmọ náà lọ. Ẹ má jẹ́ kó dá lọ.