Ẹ Dá Owó Wa Padà, Èkó Náà Erékùṣù Ni

Wọ́n ti kọ orúkọ wa sílẹ̀ fún ìrìn ìgbafẹ́ ìparí sáà yìí. Tàkúwà Bay ni wọ́n ní à ń lọ. A óò wọ ọkọ̀ ojú omi, a óò háyà kẹ̀kẹ́ ológeere, a óò máa gùn ún kiri létí òkun títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nítorí pé, bí ìkéde náà ṣe wí, kò sí mọ́tò níbẹ̀ tó lè pa ẹnikẹ́ni lára. Àwa mẹ́ta tí à ń gbé Ìlúpéjú ka ìkéde yìí lẹ́ẹ̀mejì, a wo ara wa lójú, a sì pinnu pé a ò lọ. A ò kórìíra ìgbafẹ́ o. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló bí wa nínú. (Ọ̀rọ̀ yanrìn náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé kẹ̀kẹ́ wọnú yanrìn rí mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ló máa ń gun èèyàn níbẹ̀.)

Ṣé ẹ ti gbàgbé pé erékùṣù ni Èkó fúnra rẹ̀ ni? Láti Ìdúmọ̀tà dé Oníkan, ilẹ̀ ibẹ̀ ò tóbi. Ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù lè fi kẹ̀kẹ́ yí i po, kó sì padà sílé wá jẹun àárọ̀. Ohun tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń kà nínú ìwé ló sì kún ibẹ̀: Ìgà Ìdúngànrán, ààfin Ọba; mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894; Pópó Àgùdà, níbi tí àwọn tó ti oko ẹrú Bràsíìlì padà wálé kọ́lé sí; Freedom Park tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà ayé àwọn òyìnbó. Mélòó nínú wa ló ti dúró wò wọ́n dáadáa rí? Inú dánfó la máa ń wà tá a bá ń kọjá níbẹ̀, àpò wa la sì máa ń dì mú.

Ẹ wo bí ọ̀nà ṣe rí láti ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Ìlúpéjú dé Èkó yóò jáde sí títì Ìkòròdú, yóò kọjá Onípànù, Fádéyì àti Jíbówù, yóò gba Yábà bọ́ sí Ọ̀yìngbò àti Ìddó, kó tó gun Afárá Carter bọ́ sí Ìdúmọ̀tà. Third Mainland ò ṣeé dá lábàá: láti ọdún 1990 tí wọ́n ti ṣí i, kò sí ibì kankan lórí rẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ tàbí oníkẹ̀kẹ́. Ọ̀kan nínú wa gbìyànjú ọ̀nà Ìkòròdú yìí lọ́dún tó kọjá. Ní Fádéyì, dígí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì kan gbá a nígùnpá, ó sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Kọ̀ńdọ́ yọ orí síta, ó bi í pé, "Ṣé ọ̀nà bàbá ẹ ni?" Àpá náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà bàbá ta ni, nígbà náà? Lójú títì kan náà, bọ́ọ̀sì BRT ti ní ọ̀nà tirẹ̀ láti ọdún 2008, láti Mile 12 dé CMS. A ò ṣe ìlara rẹ̀, àwa náà ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé ìjọba mọ bí wọ́n ṣe ń pín títì nígbà tó bá wù wọ́n.

Kì í ṣe tìtorí tiwa nìkan la ṣe ń pariwo. Tí ẹ bá dúró lẹ́bàá àwọn ilé iṣẹ́ Ìlúpéjú láago mẹ́fà àárọ̀, ẹ óò rí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé, ẹ óò rí ọlọ́dẹ, ẹ óò rí ẹni tó di búrẹ́dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tó ń sáré kí oòrùn tó là. Àwọn ni mọ́tò lè pa lójoojúmọ́. Wọn ò ní owó Tàkúwà Bay. Èdè pàápàá ti gbàgbé wọn: ẹni tó bá sọ pé "kẹ̀kẹ́" ní Ìlúpéjú lónìí, Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló wá sọ́kàn gbogbo ènìyàn. Àwa tí à ń kọ́ nípa èdè ló wá kù tí a ṣì ń fi "ológeere" kún un.

Ẹ má sọ pé Èkó láìsí mọ́tò ò ṣeé ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níbí ti fojú rí i. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, láago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká: kò sí dánfó, kò sí ọ̀kadà, kò sí fèrè ọkọ̀. Láti ayé ìjọba Buhari àti Idiagbon la ti ń ṣe é, títí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi mú ìsémọ́lé náà kúrò ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016. Ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá la jẹ́ nígbà náà. Àwọn ìyá wa ń pè wá pé ká wá kó ẹrẹ̀ gọ́tà, àwa ti sá lọ háyà kẹ̀kẹ́ oníṣẹ́jú mẹ́wàá, à ń gùn ún láàárín Coker Road gan-an, a na apá méjèèjì síta. A ò ní kí wọ́n dá òfin yẹn padà. Kò tọ́ kí ìjọba máa há ọmọ ènìyàn mọ́lé. Òdìkejì rẹ̀ là ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí mọ́tò wà nílé, kí ènìyàn jáde.

Àwọn mìíràn ń ṣe é. Bogotá ní Kòlóńbíà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1974, títì tó lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà ni wọ́n sì ń fi sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ní gbogbo Sọ́ńdè, láago méje àárọ̀ sí méjì ọ̀sán. Kigali bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2016, Addis Ababa ní 2018. Erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà ti lé mọ́tò jáde láti ọdún 1898, ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn. Èkó náà ṣe ìlànà fún ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ní ọdún 2018. Kí ìlànà náà kúrò nínú fáìlì, kó wá bá wa ní Fádéyì.

Ohun tí a ń fẹ́ rèé: kí wọ́n ti Marina, Broad Street àti títì tó lọ sí Ìdúmọ̀tà pa fún mọ́tò láàárọ̀ Sọ́ńdè, kí wọ́n sì ya ẹ̀gbẹ́ kan sọ́tọ̀ lórí Afárá Carter kí ará Mushin àti Ṣómólú lè débẹ̀ láàyè. Ẹnìkan ti bi wá pé kí ni ká ṣe fún àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ sí ìkángun, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn ìyókù. Arúgbó tí kò lè rìn, kí ọkọ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹlòmíràn ní ohun tálákà ni kẹ̀kẹ́. Kó lọ bi bàbá bàbá rẹ̀ ohun tí Raleigh jẹ́ lójú ìlú nígbà tí owó kòkó dé.

Ọ̀rọ̀ Tàkúwà Bay fúnra rẹ̀ ò tán síbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ológun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jáde nínú ilé wọn níbẹ̀. Ìkéde ìgbafẹ́ wa ò mẹ́nu bà á. Ẹ̀yin tí ẹ bá ṣì ń lọ, ẹ bá wa bi àwọn tí ẹ bá bá níbẹ̀ léèrè ibi tí àwọn aládùúgbò wọn wà.

A ti kọ̀wé sí akápò pé kó dá owó wa padà. Ó ní òun ti san owó ọkọ̀ ojú omi. Kó ta ààyè wa fún ẹlòmíràn. Ní Sọ́ńdè kejì oṣù tó ń bọ̀, láago mẹ́fà àárọ̀ kí dánfó tó pọ̀, a óò wà lẹ́nu Coker Road pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ mẹ́rin. Mẹ́ta la ní. Ìkẹrin, a yá a lọ́wọ́ ọlọ́dẹ àdúgbò, ó sì ní ká dá a padà kó tó di aago méjìlá.