Orúkọ Ló Sọnù, Kì Í Ṣe Nẹ́tíwọ̀kì

Lọ́jọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì parí ní sáà tó kọjá, yàrá kọ̀ǹpútà ẹ̀ka wa kún fọ́fọ́. Bí aago mẹ́rin bá ti lù, owó ìtanràn dé nìyẹn. Pọ́tà ò ṣí. Àwọn kan ń bú iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, àwọn mìíràn sáré ra dátà sórí fóònù, dátà ọ̀hún ò sì wúlò, torí inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n ti mọ orúkọ pọ́tà náà. Èmi gan-an wà lára àwọn tó ń bú.

Bọ̀dá kan tó wà ní ọdún kẹrin ló ní kí n tẹ ping 8.8.8.8. Èsì wọlé kíákíá. Mo wá fi orúkọ pọ́tà dán an wò, ó ní: Temporary failure in name resolution. Ẹ ò rí i? Ọ̀nà ṣí, mọ́tò wà, ẹni tó máa júwe ilé ni ò sí.

Ibẹ̀ lẹnì kan ti mú oògùn tí gbogbo wa mọ̀ wá: ká ṣí /etc/resolv.conf, ká pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, ká kọ nameserver 8.8.8.8 sí i. A ṣe é. Google ṣí, ariwo ayọ̀ sọ. Pọ́tà ńkọ́? NXDOMAIN, ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Báwo ni sáfà Google ṣe fẹ́ mọ orúkọ tí wọn ò sọ síta? Nígbà tá a pa kọ̀ǹpútà tá a tún un tàn, fáìlì náà ti padà sí bó ṣe wà.

Oògùn yìí ló ń bí mi nínú. Lórí ọ̀pọ̀ Linux òde òní, èèyàn kọ́ ló ń kọ fáìlì yẹn. NetworkManager tàbí systemd-resolved ló ń kọ ọ́, DHCP ló sì sábà máa ń fún wọn ní àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń lò. Bẹ́ ẹ bá rí 127.0.0.53 níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ń bi ara rẹ̀ ni. Ẹ tẹ resolvectl status kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tí òun náà ń lọ bi. Ẹ sì máa ka èsì. Timed out ò jọ NXDOMAIN rárá: nínú ti àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó dáhùn, nínú ti èkejì, wọ́n dáhùn pé orúkọ ò sí.

Tiwa ò ju ìlà kan lọ. Wọ́n ti fún sáfà orúkọ ní àdírẹ́ẹ̀sì tuntun, DHCP ṣì ń pín ti àtijọ́. Ẹyọ kan péré ló sì ń pín, bẹ́ẹ̀ resolv.conf gba mẹ́ta. Nígbà tí ẹni tó ń bójú tó o máa fi tún un ṣe, aago mẹ́rin ti kọjá. Mo san ìtanràn.

Wọ́n ti kọ́ wa pé Paul Mockapetris ló gbé DNS kalẹ̀ ní 1983, mo sì gba máàkì lórí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ká ṣí fáìlì kan rí. Ẹ̀ka wa ò lè lẹ àdírẹ́ẹ̀sì sáfà orúkọ mọ́ ara ògiri ni? Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tẹ́ ẹ ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa jókòó ní ọ̀sán Sátidé kan kí sáà tuntun tó wọlé.