Ọjọ́ Tí Ẹlẹ́gùn Gun Ẹṣin

 

Látìgbà tí ìwé wa ti jáde kẹ́yìn, Màmá mi pé 70 ọdún. Àwọn àbúrò mi ní ká pe onílù, ká se àsè. Màmá ní ìlù táwọn ti jó sí ti tó, ẹṣin làwọn fẹ́ gùn. A rẹ́rìn-ín, àṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Bá a ṣe gba Kàlàbá lọ sórí òkè Obudu nìyẹn, nítòsí ààlà Kamẹrúùnù. Kọ́nà 22 ló wà lójú títì tó gun òkè náà. Ó ga tó nǹkan bí 1,600 mítà, òtútù ibẹ̀ sì mú Màmá wọ súwẹ́tà méjì. Ibùdó màlúù ni wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1951. A rí ẹṣin gùn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Láti ọdún Ṣàngó tó kọjá ni ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, ti ń sá fún ìyá àgbà rẹ̀. Ẹlẹ́gùn ni Màmá. Ọmọ náà rí wọn nígbà tí Ṣàngó gùn wọ́n, ó sì lọ sọ ọ́ níléèwé. Àwọn kan níbẹ̀ ní ẹ̀mí burúkú ló wà lára ìyá àgbà. Èmi bàbá rẹ̀ gbọ́, mo dákẹ́. Mo ní á yé e tó bá dàgbà.

Wọ́n di ẹṣin ní gàárì fún wa. Màmá jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí tiwọn. Ọmọ mi ní tiẹ̀ ń fa ìjánu tagbára-tagbára, ẹṣin ń yí lójú kan.

"Dẹ ọwọ́, ọkọ mi," Màmá ní. "Má bá a jà."

Ó dẹ ọwọ́. Ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jẹ́jẹ́ nínú kùrukùru. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ tó béèrè pé, "Ìyá àgbà, tí Ṣàngó bá gùn yín, ṣé ẹ̀rù kì í bà yín?"

"Ẹṣin tó o gùn yìí, ṣé ó ya wèrè ni? Ó mọ ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀. Èmi náà, Ṣàngó mọ̀ mí, mo mọ̀ ọ́n. Ibi yòówù tó bá darí mi sí, ó máa ń mú mi padà wálé."

Ọ̀rọ̀ kan náà là ń lò: à ń gun òkè, à ń gun ẹṣin, òrìṣà ń gun ẹlẹ́gùn. Àwọn baba wa l'Ọ́yọ̀ọ́, tí wọ́n ń ra ẹṣin láti ìhà àríwá fi jagun, mọ iyì ẹṣin. Ẹṣin òrìṣà tá à ń pe ẹlẹ́gùn kì í ṣe èébú.

Nígbà tá à ń sọ̀ kalẹ̀, itan Màmá lọmọ náà sùn lé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ohun tọ́mọ bá rí nídìí òrìṣà, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí ará ìta tó bá yín túmọ̀ ẹ̀.

Màmá ní táwọn bá pé 80, a ó tún padà lọ. Àṣẹ! Káwòóò, Kábíyèsí o!