Ìmẹ́lẹ́ Onílé, Ìyà Àlejò

Àwọn kan tó ń ṣe ìkànnì ayélujára ní èdè Yorùbá gbà pé àmì ohùn ni ọ̀tá àlejò. Wọ́n ní ó ṣòro láti tẹ̀, pé ojú ìwé yóò rọrùn bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò. Ìrọ̀rùn ta ni? Ti ẹni tó ṣe ìkànnì ni, kì í ṣe ti ẹni tó wá kà á.

Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá "oko" pàdé láìsí àmì kankan. Ṣé ọkọ ìyàwó ni, àbí ọkọ́ àgbẹ̀, àbí ọkọ̀ tí ènìyàn ń wọ̀, àbí ọ̀kọ̀ jagunjagun, àbí oko gan-an? Yóò ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí wọ́n pè ní ìrọ̀rùn ti di àlọ́ àpamọ̀.

Lóòótọ́, ìṣòro wà, ṣùgbọ́n ibòmíràn ló fara pamọ́ sí. Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, jáde ní 1991. Ó ní nọ́ńbà fún "ẹ", ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún "ẹ́". Àkópọ̀ ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹnì kan lè kọ "ẹ" kí ó fi àmì lé e lórí. Ẹlòmíràn lè kọ "é" kí ó fi àmì sí ìdí rẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò kọ́, àjèjì ni wọ́n sí ara wọn. Nítorí náà ni akẹ́kọ̀ọ́ fi lè tẹ ọ̀rọ̀ tó tọ̀nà sínú àpótí ìwárí, kí ìkànnì sì dá a lóhùn pé kò sí, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ kedere. Yóò sì rò pé òun ló ṣì í kọ!

Oògùn rẹ̀ kò le. Unicode fúnra rẹ̀ ní ìlànà tó ń sọ oríṣi ìkọsílẹ̀ méjèèjì di ọ̀kan kí ìwárí tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣe ìkànnì sì lè ṣe é kí ẹni tó tẹ "oko" lásán rí gbogbo wọn pẹ̀lú àmì wọn, kí ó mú èyí tó fẹ́. Kí àlejò tẹ èyí tí agbára rẹ̀ ká. Onílé ni yóò gbé oúnjẹ tó pé síwájú rẹ̀.

Olùkọ́ Yorùbá a máa fi báírò pupa gé máàkì akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá wá ṣí ìkànnì tí wọ́n kọ "E kaabo" gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, ta ni yóò gé máàkì tiwọn?