Ẹ Má Tan Gílóòbù fún Ìjàpá
Ọyẹ́ ti dé sí Ṣakí, ẹ sì tún ti ń bi mí léèrè irú gílóòbù tí ẹ máa tàn sínú àpótí ìjàpá yín. Ẹ má tan ìkankan. Abẹ́ gílóòbù 60 wáàtì ni tèmi kú sí nígbà ọyẹ́ èṣí. Oòrùn ni ìjàpá máa ń yá. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tán, á wọ ibòji. Nínú páálí kékeré, kò ríbi sá sí. Gílóòbù lásán kò sì ní ìtànṣán oòrùn tó ń jẹ́ kí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ le.

Ẹ gbé e síta láàárọ̀, kí ibòji wà nítòsí. Lóru, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e sí igun kan péré.

Ìkòkò èédú ńkọ́? Nínú yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì tí ẹ ti fèrèsé rẹ̀ pa? Ẹ̀yin gan-an lè má jí.