Kì Í Ṣe Agídí
Bí ẹ bá pe ọmọ tí kò wẹ̀yìn, ẹ má tíì pè é ní olóríkunkun. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹ̀rọ kan wà, cochlear implant, tí oníṣẹ́ abẹ ń fi sínú etí adití. Ní 1990, ìjọba Amẹ́ríkà gbà á láàyè fún ọmọ ọdún 2. Ní 2020, fún ọmọ oṣù 9, nítorí ọmọ tí ó bá tètè gbọ́ ni í tètè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í gbé ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ yọ dáadáa: ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ lè jọra létí ọmọ náà. Nítorí náà, ẹ máa bá a sọ Yorùbá lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ júwe. Ẹni tí ó bá pẹ́, ọkọ̀ rélùwéè á fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èdè ọmọdé rí.