Ẹ Jẹ́ Kí Ọ̀pẹ Ó Bá Ọ̀ta Ta

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ní ìlú Tbilisi ní ilẹ̀ Georgia, Olúwafẹ́mi Balógun, ọmọ Nàìjíríà, jókòó ti Magnus Carlsen, ọba ṣẹ́ẹ̀sì gbogbo ayé, nínú ìpele àkọ́kọ́ ìdíje Ife Àgbáyé. Òṣùwọ̀n Carlsen lé ní 2800. Ti Balógun kò tó 2300. Carlsen pa á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì parí.

Irú ayò báyìí ni àwọn kan máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá fẹ́ kí a dín àyè Áfíríkà kù. Èyí tó tún dunni ju ìyẹn lọ ni ti àwọn ará ilé tí wọ́n ní ìtìjú ni, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ta ná kó tó jáde.

Níbo ni yóò ti mọ̀ ọ́n ta? Àmì òṣùwọ̀n ṣẹ́ẹ̀sì kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Lára ẹni tí a bá bá ta ni a ti ń gbà á. Bí àwọn tí àmì wọn kéré bá ń ta láàárín ara wọn títí, ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọn yóò máa pààrọ̀. Bí ọ̀gá bá sì pa ẹni tó rẹlẹ̀ sí i jìnnà, àmì tí ẹni náà ń pàdánù kò tó nǹkan. Bó bá rí ọ̀mì gbà, èrè ńlá ni. Oyè grandmaster gan-an, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù láti gbà á ni kí ènìyàn bá àwọn tó ti jẹ ẹ́ ta. Yúróòpù ni irú wọn pọ̀ sí jù, owó ọkọ̀ òfuurufú àti físà ló sì ń dínà. Ìdíje Arnhem ní Netherlands, ní 2007, wà lára ohun tó gbé Amon Simutowe, ọmọ Zambia, dé orí oyè náà.

Nídìí ayò ọlọ́pọ́n (ìyekan songo tí àwọn Fang ń ta ní ilẹ̀ Gabon títí dé Libreville, ihò méje méje ni tiwọn), ojú gbogbo ayé ni ọ̀pẹ ti ń jókòó ti ọ̀ta. Wọn a fi í ṣẹ̀sín, òǹwòran a sì máa tọ́ ọ sọ́nà. Bí wọ́n bá pa á, a dìde fún ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kejì a tún padà wá. Ta ló lé e lọ sí kọ̀rọ̀ pé kó lọ gbọ́n wá?

Carlsen pàápàá kò pẹ́ ní Tbilisi. Ní ìpele kẹta, Bu Xiangzhi ará Ṣáínà, tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kéré sí tirẹ̀, ló lé e sílé. Kò sẹ́ni tó ní kí Carlsen lọ kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì kó tó padà wá.